Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Ta Ló Ni Àrá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì wà níbi alẹ́ ìtàn tí ẹ̀yin àti bàbá apàlọ́ jọ ṣe ní Bódìjà, lọ́jọ́ Sátidé tí òjò ńlá yẹn rọ̀. Bàbá sọ ìtàn Ṣàngó, ẹ̀yin náà sì ṣàlàyé ohun tó ń mú kí àrá sán. A gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ bá a ṣe ń wá mọ́tò tá a máa wọ̀ lọ sílé, àbúrò, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, bi mí pé, "Mọ́mì, ta gan-an ló wá ni àrá? Ṣé Ṣàngó ni àbí yìnyín?" Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tá a délé, ó tún ń ka "Káwòó, ení; káwòó, èjì" káàkiri pálọ̀, bí ẹ ṣe kọ́ wọn. Bàbá ẹ̀ gbọ́, inú sì bí wọn. Wọ́n ní Kristẹni ni wá, àwọn ò rán ọmọ níṣẹ́ pé kó lọ máa kí òrìṣà, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, kó kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì, kó yéé po irọ́ mọ́ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n sọ fún ọkọ mi? Kí ni kí n sì sọ fún ọmọ?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí bàbá wọn gidigidi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn dé etígbọ̀ọ́ mi. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà náà, èmi náà ló sì yẹ kí n dáhùn.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí alẹ́ náà ṣe rí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Gbọ̀ngàn onípáànù ni. A tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, àwọn àgbà sì wà lórí àga lẹ́yìn. Bàbá jókòó sórí àpótí, ọmọ wọn tó ń lu gángan wà lápá òsì, èmi wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú pátákó àti ṣọ́ọ̀kì mi. Ètò wa ni pé kí bàbá pa àlọ́ Ìjàpá kan, kí wọ́n sọ ìtàn Ṣàngó tẹ̀ lé e, kí èmi wá dìde lẹ́yìn náà kí n ya àwòrán ìkúùkù sójú pátákó. Ọdún 34 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú pátákó yẹn sì ni gbogbo ọkàn mi wà.

Bàbá ti dé ibi tí Ṣàngó ti ń gun òkè nígbà tí ìjì dé. Ìlà-oòrùn ló ti wá, bí ìjì ìparí òjò ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Atẹ́gùn kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn pa, eruku rọ́ wọlé, òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù bí ìgbà tí ènìyàn ń da àgbàdo gbígbẹ sínú agbada. A kò gbọ́ ohùn bàbá mọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mọ̀nàmọ́ná kọ yànràn lójú fèrèsé, àwọn ọmọ figbe ta.

Mo dìde. Mo ní kí àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé sún wá sáàárín, kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ pa á, kó sì yọ gbogbo wáyà. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní kété tí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n dúró nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró. Wọ́n sáré ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin bí ẹni tí ajá ń lé, torí pé kíkà wa kúrú ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bàbá ló ní, "Ẹ fi káwòó ṣíwájú ẹ̀." Ó sì bá a mu. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pe "Káwòó, ení", ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa gbà á. Ni nǹkan bí àádọ́ta ọmọ bá ń kà pa pọ̀ nínú òkùnkùn. Ti àkọ́kọ́ dúró sórí mọ́kànlá. Èkejì, mẹ́jọ. Ẹ̀kẹta, márùn-ún, a sì mọ̀ ọ́n nínú ẹsẹ̀ wa lórí ẹní. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di méje, ó di mẹ́wàá, ó di mẹ́rìndínlógún.

Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ti dé ojú wa kí a tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹ bá kà dé mẹ́ta kí ẹ tó gbọ́ ọ, kìlómítà kan ló wà sí yín. Mọ́kànlá ń sọ pé ó ku díẹ̀ kó pé kìlómítà mẹ́rin, márùn-ún ń sọ pé kò tó méjì. Ọmọbìnrin kan tó wọ bùbá àdìrẹ ló kọ́kọ́ fura pé nọ́ńbà ti ń gòkè padà. Ó dìde dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ti ń lọ! Ó ti ń lọ!" Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. N kò tíì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mi rárá nígbà yẹn.

Òjò rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé iná alágbèéká wá, bàbá sì gbé ìtàn náà níbi tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, lórí òkè, pẹ̀lú Ṣàngó àti oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu bàbá tó ìgbà mẹ́wàá. Ara mi kò bù máṣọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá wọn. Lórí káwòó, wọ́n jàre. Ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń ké nìyẹn bí àrá bá sán, "Káwòó! Kábíyèsí!" Lẹ́nu ẹlòmíràn, àṣà lásán ni. Lẹ́nu oníṣàngó, ìjọsìn ni. Ó yẹ kí a ti bi àwọn òbí kí a tó fi sí ọmọ wọn lẹ́nu, a kò sì bi wọ́n. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa pe "Ìbàdàn, ení, Ìbàdàn, èjì". Ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni, kìlómítà náà kò sì ní yí padà. Ẹ má ṣáà gba kíkà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí pé a po irọ́ mọ́ òótọ́, n kò lè gbà. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó bí èmi àti yín. Àlọ́ wà lọ́tọ̀, ìtàn wà lọ́tọ̀. Bí a bá fẹ́ pàlọ́, a máa ń ké "Ààlọ́ o!", kí àwọn ọmọ dáhùn "Ààlọ̀!", kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé a ti wọ ibi tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀. Bí a bá parí, apàlọ́ á fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀, á ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má dún, á sì dún pó, pó, pó. Bàbá ṣe gbogbo èyí fún Ìjàpá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ bá a gbá ẹnu tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí, wọ́n dìde lórí àpótí, wọ́n tún agbádá wọn ṣe, wọ́n jókòó padà, wọ́n ní, "Ìtàn ló kù o." Wọn kò ké ààlọ́ sí Ṣàngó, wọn kò sì gbá ẹnu lé e lórí. Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹ̀sìn wọn nìyẹn. Ọdún Ṣàngó tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀yọ́ lóṣù Kẹjọ, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àṣà àgbáyé ní ọdún 2023. Ẹni tó bá kó o mọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ti rí ẹlòmíràn fín.

Èmi wá gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìpele kẹta, kí n sọ pé, "Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ lè lọ dán an wò fúnra yín." Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ. Kò sí ibi tí a ti po wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bá bàbá lọ sáwọn alẹ́ báyìí, tí n kò fi dá dúró pẹ̀lú pátákó mi. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé Ṣàngó, Aláàfin kẹrin, ní oògùn tó fi ń pe mọ̀nàmọ́ná. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ṣì ń jẹ́. Ó gun òkè kan tó kọjú sí ààfin, ó dán an wò. Ìkúùkù kóra jọ, mọ̀nàmọ́ná sì kọ lu ààfin tirẹ̀, ó pa àwọn ayaba àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọba tó ń ṣe ìdánwò ni o! Ní 1752, àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà fi ọ̀pá irin àti káìtì wádìí bóyá iná ni mọ̀nàmọ́ná lóòótọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1753, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Georg Richmann gbé ọ̀pá irin sórí ilé rẹ̀ ní St. Petersburg, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ó so wáyà mọ́ ọn wọ inú ilé kó lè wọn agbára rẹ̀. Òjò ṣú. Ó sáré wálé kí ó má bàa pàdánù rẹ̀, mọ̀nàmọ́ná gba ojú wáyà wọlé, ó sì pa á. Mo sọ ìtàn Richmann fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ti Ṣàngó, mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti mọ ọkùnrin yẹn tẹ́lẹ̀. Bàbá ti fi wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí mo bá fi ti Richmann ṣáájú, orúkọ òyìnbó kan ṣáá ni ì bá jẹ́ fún wọn.

Ohun kan wà tí n kò ní sọ lórí pèpéle láéláé, bí àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí n sọ ọ́: pé Ṣàngó ti mọ bí a ti ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná kí òyìnbó tó dé. Kò sí ẹ̀rí fún un. A kì í fi ohun tí kò sí yẹ́ àwọn baba wa sí. Ohun tó wà ti tó. Èdè wa mú orúkọ ohun tó ń kọ lójú ọ̀run, ó fi pe ohun tó ń tan gílóòbù, iná mọ̀nàmọ́ná, ó sì bá òótọ́ mu. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba sì ń wá ère tí wọ́n máa gbé síwájú ilé wọn ní Marina l'Ékòó, Ṣàngó ni Ben Enwonwu, ọmọ Oníṣà, fi bàbà rọ fún wọn ní 1964.

Fún ọmọ yín, ẹ sọ báyìí. Ẹ bi í bóyá ó rántí ìgbà ọyẹ́, tí a bá bọ́ súwẹ́tà gba orí, tó ń ró ta-ta-ta, tí irun ń dìde. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkúùkù dúdú tó ga. Hóró yìnyín wẹ́wẹ́ àti èyí tó wúwo ń gbá ara wọn lókè níbẹ̀. Wẹ́wẹ́ á gbé iná irú kan gòkè, èyí tó wúwo á di irú kejì mú sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti pọ̀ jù, á wá ọ̀nà wá sílẹ̀, ojú ọ̀nà tó gbà á sì gbóná dé nǹkan bí 30,000 dígírì, bí ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ kò ráyè sá, ó bẹ́. Ìró bíbẹ́ yẹn là ń pè ní àrá.

Bí ó bá wá ní, "Ta ló ni ín?", ẹ sọ fún un pé ìbéèrè mìíràn nìyẹn, kí ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀. Sáàmù 29 ní Ọlọ́run ògo ń sán àrá. Bàbá lè ka á fún un nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì jọ ka Ìbàdàn, ení, Ìbàdàn, èjì, nígbà tí òjò bá tún ṣú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kà á ní ìta o! Bí kíkà kò bá ti pé ọgbọ̀n, inú ilé ni kí gbogbo yín wà, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ìyá Olùkọ́, mo kí yín o. Bàbá mi rí òkúta dúdú kan tó ń dán lóko lẹ́yìn òjò, ẹnu ẹ̀ rí bí ẹnu àáké. Wọ́n ní edùn àrá ni, pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ẹnì kan ti wá fẹ́ rà á. Ṣé òótọ́ ni?
Ọmọ àgbẹ̀, Ìṣẹ́yìn

Ìdáhùn: Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ rọra yí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà tín-tìn-tín lójú rẹ̀, tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan. Ibi tí ẹnì kan ti jókòó lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn nìyẹn, fún ọjọ́ púpọ̀, títí ó fi dán. Àáké ni lóòótọ́. Àwọn tó gbé ilẹ̀ wa kí irin tó dé ló ṣe é. Nínú ihò òkúta Ìwó Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún lọ nísàlẹ̀, wọ́n sì bá irú àáké òkúta bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀.

Bàbá yín kò purọ́ pé lẹ́yìn òjò ni òun rí i. Àgbàrá ló ń gbé erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà ń rí i bẹ́ẹ̀, àwọn náà pè é ní òkúta àrá, títí Antoine de Jussieu fi sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1723 pé irú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibòmíràn ṣì ń fi gé igi.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mọ̀nàmọ́ná fúnra rẹ̀ ń ṣe, inú iyanrìn ni kí ẹ wá a. Bí ó bá kọ lu iyanrìn, ó máa ń yọ́ ọ di ọ̀pá dígí oníhò, tó rí hágahàga lẹ́yìn, tó ń dán nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ kọ orúkọ oko àti ibi tí ẹ ti rí i sórí bébà kan, kí ẹ dì í pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ mú un lọ fi han àwọn onímọ̀ ohun àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá kò ní ìtàn kankan tó lè sọ mọ́. Bí ilé yín bá sì ń tọ́jú edùn àrá lójúbọ, ẹ bá àgbà tó wà nídìí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Bí òjò bá ti ṣú, ìyá àgbà wa máa ń fi aṣọ bo gbogbo dígí inú ilé, wọ́n á sì ní ká jókòó jẹ́ẹ́ láàárín pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló jàre?
Ọmọ ilé ìwé, Ẹdẹ

Ìdáhùn: Dígí kì í fa mọ̀nàmọ́ná. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti kó gbogbo yín kúrò lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti mú yín jókòó sáàárín ilé, ẹnikẹ́ni kò sì sí nídìí ẹ̀rọ omi tàbí lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá àgbà ló jàre. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó yọ fóònù rẹ̀ lójú iná kó tó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì bá wọn na ìyókù aṣọ náà.